Ariwo Kíláàsì Kejì

Ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé-ìwé abúlé wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Irun mi ti funfun nígbà náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìka tọ ábídí ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ni.

Ọkùnrin kan wà, ọ̀dọ́ ni, ó fẹ́ di olùkọ́. Kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ náà, ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣèrànwọ́ ní kíláàsì kejì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ìyá àgbàlagbà tó ni kíláàsì náà sọ fún un pé, "Ọmọ mi, iwájú ti lẹ́ni. Orí bẹ́ǹṣì ni kí o jókòó sí. Máa tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó ní, "Ó dáa, Mà." Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àìsàn fi dá ìyá náà dùbúlẹ̀ sílé, ni ọ̀dọ́mọkùnrin bá mú pàṣán, ó bọ́ síwájú.

Ó ń kà, kíláàsì ń gbè. Ohùn àwọn ọmọ ń mi fèrèsé. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ á dúró lójú ọ̀nà, wọn á ní, "Tíṣà tuntun yìí mà mọṣẹ́ o!" Orí rẹ̀ á wú. Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Bàbá Àwẹ̀ró ti búra pé bí ọmọ náà kò bá mọ̀wé kà kí sáà tó parí, òun yóò fà á lé àbúrò òun lọ́wọ́ ní ìlú ńlá, kí ó lọ máa bá a pọnmọ. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì mí, kí n kà á fún yín."

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tí gbogbo abúlé ń gbọ́ ohùn rẹ! Lọ ṣeré, jàre."

Bàbá dé lọ́jọ́ tí sáà parí. Ó ṣí ìwé sí àárín, ó ní, "Kà á." Àwẹ̀ró fi ìka sórí ìwé, ó gbé ohùn sókè, ó ń ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Bàbá ṣí ojú ìwé mìíràn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ náà ni. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín: "Orin ló ń kọ!" Ọmọ náà gbójú sókè wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ń retí kí ó kà kí òun lè gbè é.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní sáà kan sí i."

"Èyí tí mo fún yín ńkọ́?" Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ó ń gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń sún láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan sí òmíràn ni ó ń rí i pé orin ni àwọn náà ń kọ.

Ìwọ tí o ń gbọ́ mi, tí o fẹ́ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, má jẹ́ kí ariwo tàn ọ́. Ègbè a máa bo ẹni tí kò mọ orin mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà di olùkọ́ gidi, ṣùgbọ́n orí olórí ni ó fi kọ́ fífá. Sáà kan ṣòfò. Ọmọ mọ́kàndínlógún jáde ní kíláàsì kejì láìmọ̀wé kà. Ọ̀kan nínú wọn kò wọ ilé-ìwé mọ́ láéláé.