Olúọ̀sà Tún Ìlú Ṣe De Àlejò

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ ti ń sùn ni? Mo ní, ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀ o!"

Ẹ hẹn. Àwẹ̀ró, fi etí àbúrò rẹ sílẹ̀, kí o fi tìrẹ gbọ́ mi. Ààlọ́ mi bọ́ sínú ọkọ̀, ó tukọ̀ títí, ó di ọ̀dọ̀ Olúọ̀sà, ọba Etíọ̀sà, àti Ẹdun, ọ̀bọ onírù gígùn tó ń gbé lórí igi.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní Etíọ̀sà. Ìlú náà tutù. Àwọn igi ibẹ̀ nawọ́ sí ara wọn lókè omi. Bí o bá gbójú sókè, ewé. Bí o bá wo ọ̀tún, ewé. Bí o bá wo òsì, lékelèké ló máa kí ọ. Ọ̀nì ń yá oòrùn létí omi, ẹtu ń mumi lódìkejì, kálukú ń ṣe tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n Olúọ̀sà kò láyọ̀. Kí ló dé? Láti ìgbà tó ti gorí oyè, ọba kankan kò wá kí i rí. Ó dùn ún dé ọkàn. Bó bá jẹun tán, á ní, "Àbí mi ò tó ọba ni?" Bó bá wẹ̀ tán, á ní, "Àbí mi ò tó ọba ni?" Àwọn olorì gbọ́ ọ títí, ó sú wọn.

Lọ́jọ́ kan, ìkọ̀ dé láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́dàn, ọba ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún, níbi tí oòrùn ti ń pa koríko kú.

Ìkọ̀ ní, "Ọlọ́dàn ń bọ̀ wá wo igbó yín. Ó fẹ́ jókòó lábẹ́ igi, kó gbọ́ ohùn ẹyẹ, kó fojú rí ẹranko. Bó bá gbádùn ibẹ̀, ọdọọdún ni yóò máa wá."

Háà! Olúọ̀sà fò sókè, adé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Ọ̀tún Jagunlabí, ìjòyè tó máa ń dáhùn kí èèyàn tó bi í.

Ọ̀tún ní, "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ ọba kì í tẹ koríko. Ẹ jẹ́ ká ṣán ọ̀nà." Wọ́n ṣán ọ̀nà.

Ó ní, "Kábíyèsí, ewé kì í já lé adé. Ẹ jẹ́ ká gé igi." Wọ́n gbé àáké.

Ó ní, "Kábíyèsí, ariwo ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀nyí, ìwọ̀sí ni fún àlejò. Ẹ jẹ́ ká lé wọn." Wọ́n sọ̀kò, wọ́n pariwo ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ, wọ́n lé wọn.

Olúọ̀sà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀tún, ó ní òun fẹ́ rí ẹranko o."

"Yóò rí wọn, Kábíyèsí. Yóò rí ẹtu nínú ọbẹ̀."

Ọba rẹ́rìn-ín. Ó ní ọgbọ́n Ọ̀tún pọ̀. Ọgbọ́n! Ẹ bá mi gbọ́ o.

Ó wá ku igi kan ṣoṣo. Ẹdun ló wà lórí rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọ náà funfun bí òwú, kò tíì mọ ẹ̀ka dì mú. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ni Ẹdun bá fi orin bẹ̀ wọ́n. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ má fi imú kọrin:

Olúọ̀sà, ẹ má gégi mi o —
*Jẹ́jẹ́, igi ọ̀sà, jẹ́jẹ́.*
Ọmọ mi kò tíì mọ̀ ọ́n fò —
*Jẹ́jẹ́, igi ọ̀sà, jẹ́jẹ́.*
Èmi lálejò ń bọ̀ wá wò —
*Jẹ́jẹ́, igi ọ̀sà, jẹ́jẹ́.*
Bó bá dé tí ò bá mi ńkọ́? —
*Jẹ́jẹ́, igi ọ̀sà, jẹ́jẹ́.*

Orin náà wọ àwọn agégi lára, wọ́n sọ àáké kalẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀tún ní, "Ṣé ọ̀bọ ló máa kọ́ ọba bí a ti ń gba àlejò?"

Olúọ̀sà wo igi. Ó wo ọ̀nà tí àlejò máa gbà. Ó ní, "Ẹ gé e."

Igi wó. Ẹdun fọmọ mọ́yà, ó bẹ́ sórí ìtì igi tó ń léfòó, omi gbé wọn sọdá sí Ìgbódò, ìlú tó wà lódìkejì omi. Ìgbàkígbà tí mo bá dé ibí yìí, inú máa ń bí mi.

Ọlọ́dàn dé. Ìlú mọ́ tónítóní. Oòrùn ń ta gan-an, kò sí ohun tó dá a dúró. Àwọn olorì ta aṣọ bo orí àlejò kó má baà dákú.

Ọlọ́dàn ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbà mí. Igbó dà?"

Ọ̀tún yára dáhùn, "A ti ṣán an, Kábíyèsí!"

"Ẹyẹ dà?"

"A ti lé wọn, kí ẹ lè rí oorun sùn!"

"Ẹtu ńkọ́?"

"Ó wà níwájú yín, nínú àwo. Ẹ bu òkèlè."

Ọlọ́dàn kò bu òkèlè. Ó ní, "Ilẹ̀ gbígbẹ àti oòrùn, mo ní in nílé, mo tún ń fi tọrẹ. Ibo ni àwọn ẹranko náà sá lọ?"

Ọ̀tún ní, "Ìgbódò ni, ní ìsọdá omi. Ẹ má da àwọn ará ibẹ̀ lóhùn, Kábíyèsí. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú wọn dó, wọn ò gé igi kan rí."

Ọlọ́dàn dìde. Ó ní, "Ẹ bá mi wá ọkọ̀."

Ó sọdá, ó jókòó lábẹ́ igi, kò padà wá jẹ ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ló ń wá lóòótọ́. Ìgbódò ló ń lọ tààrà. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń kọjá níwájú ààfin Olúọ̀sà, á juwọ́ sí i.

Ooru bá Etíọ̀sà fínra. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ kó lọ sí Ìgbódò, ó ní ooru ò dára fún àgbàlagbà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí Olúọ̀sà kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó wọkọ̀, ó lọ bá Ẹdun. Ọmọ Ẹdun ti dàgbà, ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ọba dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀bọ, ó ń sunkún.

"Ẹdun, mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀wọ́, bá mi ká lọ sílé."

Ẹdun ò bú u. Ó ní, "Ilé wo, Kábíyèsí?"

Olúọ̀sà bojú wo òdìkejì omi. Ó wo ìlú rẹ̀ títí. Kò rí igi kan tí yóò nawọ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò le. Ohun tí àlejò tìtorí rẹ̀ wá, a kì í gbá a dànù pé a fẹ́ kílé mọ́. Ibẹ̀ ni ààlọ́ mi gúnlẹ̀ sí. Ẹ dìde, ẹ ká ẹní.