Ẹni Tó Ń Fẹ́wìrì Lẹ́yìn Ilé Afẹ́fẹ́

"Bí a bá kí ẹni tó ń fò, ká má gbàgbé ẹni tó ń fẹ́wìrì." Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Òkè-Irin, kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àgbà. Àlejò a gbọ́ ọ, a mi orí bí ẹni pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ta ló ń fò? Kí ló gbé ẹwìrì alágbẹ̀dẹ dé ibi tí ènìyàn ti ń fò? Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Òwe àtayébáyé kọ́ o. Ìṣojú wa ló ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan wà nílé wa tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ilé alágbẹ̀dẹ ló fẹ́ sí, ọkọ rẹ̀ sì ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa. Oyèkànmí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ń gbé Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọ méjì: Ìkẹ́olúwa, obìnrin, àti Ṣíjúwadé, àbúrò rẹ̀. Nígbàkígbà tí àwọn ọmọ yìí bá wálé, oòrùn kì í tíì rọ̀ kí wọ́n tó máa fa baba wọn láṣọ: "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kò sí nǹkan kan níbí." Ọ̀rọ̀ náà a máa gún ìyá àgbà lọ́kàn. Ọmọ tí kò sùn nílé baba rẹ̀ rí, ọ̀nà wo ni yóò gbà mọ ilé?

Nígbà tí ọlidé kù sí dẹ̀dẹ̀, Oyèkànmí pè é lórí fóònù. "Màmi, mò ń kó wọn bọ̀. Bí wọ́n bá gbà láti dúró, kí wọ́n lo ọlidé lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ké, mo máa kó wọn padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni. Mi ò sì ní í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́."

Àwẹ̀ró gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sórí eékún. Nígbà tó ṣàmín tán, ó gbé gèlè, nítorí Olúwa a máa gbọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n kì í báni wọ ọkọ̀ ọjà. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lọ. Níbẹ̀ ló ti rí ilé afẹ́fẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní báńsìn kásù. Wọ́n ká a bíi tapólì, ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lára rẹ̀ fi hàn bó ṣe ń rí: ilé rọ́bà pupa àti òféèfèé, tó ní ilé ìṣọ́ méjì, tí àwọn ọmọdé ń fò nínú rẹ̀ bí tata.

Bí wọ́n ti ń ra aṣọ òkè ló ṣe rà á. Ó fa ojú rírán rẹ̀ wò, ó fi itọ́ ra á bóyá yóò ṣí àwọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Kí ló ń gbé e dúró?"

"Afẹ́fẹ́ ni, Màmá."

Ẹ̀rín pa Àwẹ̀ró. "Afẹ́fẹ́ lásán? Ọmọ mi, orí òkè la kọ́lé sí. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣí páànù wa bí ẹni ṣí ọmọrí ìkòkò, ṣé rọ́bà ni kò ní í lè gbé?"

Ẹni tó ń tajà náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni màmá ń ṣe. Ó di ẹrù fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń bọ̀, Àwẹ̀ró tẹ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà. Ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gùn bí apá agbádá. Ó kọjú rẹ̀ sí ìhà tí atẹ́gùn ti ń wá, ó sì jókòó tì í. Atẹ́gùn dé lóòótọ́. Ó mi ewé ọsàn, ó gbé gèlè ìyá, ó kọjá lọ. Rọ́bà kò mira.

Ògúnrónbí yọ láti inú agbẹ̀dẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Àbúrò ọkọ Àwẹ̀ró ni, òun nìkan ló sì kù tó ń rọrin nílé wa. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀ títí.

"Ìyàwó, awọ erin lo sá yìí ni?"

"Adúmáadán ọkọ mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ilé ni."

"Ilé? Ó mà tètè sùn o. Ọ̀sán ò tíì pọ́n."

Wọn kò tíì dákẹ́ tí ọkọ̀ Oyèkànmí fi wọlé. Ṣíjúwadé kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ó rí ilé ìṣọ́ pupa, ó kígbe ayọ̀. Nígbà tó súnmọ́ ọn, ó dúró.

"Màmá, ẹ̀rọ tó máa fẹ́ ẹ dà?"

"Ẹ̀rọ wo, ọmọ mi?"

Ìkẹ́olúwa ló ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kan wà bíi fáànù, tó ń fẹ́ láìdúró, nítorí afẹ́fẹ́ ń jò lójú rírán. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ilé á wó. Àwẹ̀ró fi ìdí lélẹ̀. Oyèkànmí ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣeré lọ́wọ́, kò lè wo ojú ìyá rẹ̀. Ó mú páǹpù kẹ̀kẹ́ wá, ó fà á títí ó fi làágùn. Ó dà bí ẹni ń fi ṣíbí bu omi kún odò.

Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró gbójú sókè, tó wo inú agbẹ̀dẹ. Ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ògúnrónbí.

"Ọkọ mi, ẹwìrì yín ni mo tọrọ."

"Ẹwìrì tí baba mi fi fẹ́ná? Kí n fi ṣeré ọmọdé?"

"Ọmọ yín ni wọ́n. Bí wọ́n bá lọ lónìí, wọn ò padà mọ́. Ọjọ́ wo ni wọn ó wá mọ̀ pé ilé arọrin ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá?"

Baba ká apá aṣọ sókè. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí tú ẹwìrì méjèèjì. Wọ́n gbé wọn dé ẹ̀yìn ilé rọ́bà, wọ́n so apá agbádá yẹn mọ́ wọn lẹ́nu gírígírí. Ògúnrónbí jókòó sáàárín, ó di ọ̀pá méjèèjì mú: èyí lọ sókè, èyí wá sílẹ̀. Rọ́bà mí kanlẹ̀. Ògiri dìde. Ilé ìṣọ́ kan nà, èkejì nà. Ha! Àwọn ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n wọlé, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wọn. Gbogbo agboolé ń pàtẹ́wọ́: "Ṣíjú, fò! Ìkẹ́, o káre!" Oyèkànmí ń ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó yíjú sẹ́yìn, níbi tí òógùn ti bo àgbà ọkùnrin lójú.

Lójijì ni ilé ìṣọ́ kan tẹ orí ba. Èkejì tẹ̀ lé e. Ògiri rọ̀ lé àwọn ọmọ lórí, wọ́n ń rá jáde níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n bá Ògúnrónbí níbi tó ti ń fi fìlà nu ojú.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹni tó ń fò lẹ ti ń kí láti àárọ̀. Ẹ ní kó wá fẹ́ ẹ."

Ìkẹ́olúwa wọ bàtà rẹ̀. "Dádì, ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Àwẹ̀ró kò ní í gbà kó ṣẹ. Ó kúnlẹ̀ nínú koríko, ó ń ki Ògúnrónbí ní oríkì bí ìyàwó ilé ti ń ki ọkọ:

"Ọmọ arọrin-bí-ẹni-rokà,
Ọmọ a-bá-iná-ṣeré-má-jòóná.
Irin ní òun ò ní í tẹ̀ fẹ́nìkan,
Ó délé yín, ó ń dọ̀bálẹ̀.
Àgbẹ̀ kì í pẹ̀gàn yín, ẹ̀yin lẹ bí ọkọ́.
Ìyàwó kì í pẹ̀gàn yín, ẹ̀yin lẹ rọ ọ̀bẹ tó fi gé iṣu.
Ògúnrónbí, dìde o, òòlù kì í rẹ ọmọ òòlù!"

Ẹ ò rí baba? Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó dé fìlà padà, ó gbá ọ̀pá ẹwìrì mú, ilé rọ́bà sì fò dìde bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Bí Àwẹ̀ró ti ń kì í ló ń fẹ́. Bó bá dákẹ́ láti húkọ́, ilé ìṣọ́ á tẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ohùn ìyá há, àwọn ọmọ pariwo: "Màmá, ẹ má dúró!" Ìkẹ́olúwa, tó wà lẹ́nu ọ̀nà, bá gba oríkì náà lẹ́nu rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kọ́, ó fo ìlà kan, ṣùgbọ́n nígbà tó dé "ọmọ òòlù," Ògúnrónbí rẹ́rìn-ín dé etí. Láti ìgbà náà ni wọ́n pín ara wọn: àwọn kan ń fò, àwọn kan ń ki baba, tí ó bá tó ìgbà, wọ́n á pààrọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ dé. Oyèkànmí mi kọ́kọ́rọ́. "Ó yá, ta ló ń bá mi lọ?"

"Dádì, ó dàbọ̀," ni Ìkẹ́olúwa dáhùn, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Èmi ló kàn láti ki Bàbá."

Bí òwe náà ṣe dáyé nìyẹn: "Bí a bá kí ẹni tó ń fò, ká má gbàgbé ẹni tó ń fẹ́wìrì." Àwọn àgbà wa a máa pa á nígbà tí ìnáwó bá dùn tí a gbàgbé àwọn tó wà nídìí ààrò, tàbí nígbà tí ọmọ bá gbégbá orókè tí kò sẹ́ni tó dárúkọ ìyá tó ń jí lóru nítorí rẹ̀. Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tí iṣẹ́ ti rẹ̀, tó fẹ́ jókòó, kó lè mọ̀ pé a rí i. Kí Olúwa má jẹ̀ẹ́ ká jẹ oore tán ká gbàgbé olóore.