Kíndìnrín Dúrósinmí

Èmi kò mọ nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín sínú àwo kan náà, àfi kí n tọ́ ọ wò kí n tó mọ èyí tí í ṣe èwo. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ gbogbo nǹkan ní Òkè-Àfọ̀n ti sọ tiwọn títí, ẹnu ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí òpè náà sọ tirẹ̀.

Ìdààmú dé bá Àyọ̀ká. Ọmọ méjì ni ó ti sin kí ó tó bí Dúrósinmí. Nígbà tí èkejì kú, ìyá ọkọ rẹ̀ fi abẹ gé etí òkú náà, pé bí ó bá tún padà wáyé, kí a dá a mọ̀, kí ojú tì í, kí ó jókòó. Ọdún yípo, Dúrósinmí dé, etí òsì rẹ̀ sì gé bí ẹni pé eku jẹ ẹ́. Wọ́n jó, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó jẹ́ ẹ̀bẹ̀: dúró, kí o sin mí. Ó sì dúró fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bàbá rẹ̀ kú, ó sin ín. Ó wá ku ìyá.

Àfi bí ọ̀kadà rẹ̀ ṣe lọ kọlu tírélà kan tí ó dúró lójú títì láìtan iná.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà mú Àyọ̀ká jókòó. "Màmá, ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ ni ó ń mí fún un." Ó tún sọ pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́. Bí ìyá bá yọ̀ǹda ti Dúrósinmí kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, wọn yóò yè.

Àyọ̀ká gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ láyà. Ó gbóná. Àyà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Irú òkú wo ni èyí?

Gbádébọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, olórí ẹbí, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ìpàdé, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé àgbò iléyá ni ọmọ wa ni, tí dókítà yóò fi máa pín inú rẹ̀? Etí lásán ni a gé, ó gbé e bọ̀ wáyé. Bí o bá jẹ́ kí wọ́n yọ kíndìnrín, kí ni yóò fi máa tọ̀ nígbà tí ó bá tún dé?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ Àyọ̀ká lára bí ẹ̀gún.

Ó gba ilé Ìyá Ẹfúnyẹmí lọ. Obìnrin yìí ni ó ń wẹ òkú Òkè-Àfọ̀n láti ogójì ọdún, òun náà ni ó ń fi owó ẹyọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òrìṣà. Òkèèrè ni àwọn ará ìlú ti máa ń kí i, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lè yẹ ọpọ́n tí ó fi ń wẹ òkú sílẹ̀.

Ó da ẹyọ sílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Nígbà tí o pe Dúrósinmí, ta ni ó dáhùn?"

"Kò sẹ́ni tí ó dáhùn, Ìyá. Àyà rẹ̀ sáà ń mì."

"Orí ni a kúnlẹ̀ yàn, a kò yan àyà. Orí ni onílé. Bí onílé bá ti kó ẹrù jáde, iná ààrò rẹ̀ ṣì lè gbóná di alẹ́. Ṣé a máa ń kí iná pé ẹ kú ilé ni?"

"Bí ó bá ń padà bọ̀ ńkọ́? Etí rẹ̀ yẹn..."

"Etí tí ó gé náà, ṣé kò fi gbọ́ràn?"

"Ó ń gbọ́ o. Bí mo bá ṣí ìkòkò ẹran báyìí, á gbọ́ láti òkèèrè." Ó sọ ọ́ tán, ó sunkún.

"Àmì ni ara ń gbé bọ̀, kì í gbé àìní bọ̀. Òrìṣà ní kí o rúbọ: ẹyẹlé méjì, omi tútù, àti ohun tí Dúrósinmí kò lò mọ́. Òrìṣà ní orúkọ tí o sọ ọ́ yóò ṣẹ."

"Yóò ṣẹ báwo? Ta ni yóò sin mí? Òkú?"

"Ohun tí mo rí ni mo sọ. Òkú ni mo ń wẹ̀, n kì í wẹ irọ́."

Àyọ̀ká rú ẹyẹlé, ó da omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tẹ ìka sórí ìwé ìyọ̀ǹda. Ó di etí tí ó gé náà mú títí wọ́n fi ti ibùsùn kọjá ìlẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo.

Gbádébọ̀ kéde fún ẹbí pé ó ta ọmọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó jẹun nílé Àyọ̀ká mọ́, àyàfi ẹnìkan. Akíntáyọ̀, bíríkìlà kan tí ara rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì inú omi, ni wọ́n fún ní kíndìnrín kan. Ọjọ́ kẹta, ó tọ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì kan tí kò lè pa ẹnu mọ́ sọ ilé ẹni tí ó ni ín fún un. Ó wá dọ̀bálẹ̀. Ó bá Àyọ̀ká tún òrùlé ṣe, ó sì jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ní ọdún kẹfà náà ni kíndìnrín Gbádébọ̀ kọṣẹ́. Ó dùbúlẹ̀ ti ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń bẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹnu tí ó ní kí a má yọ ti òkú ni ó ń tọrọ ti alààyè. Àkọ́bí rẹ̀ wo àjà. "Bàbá, kí la ó fi máa tọ̀ bí a bá tún ayé wá?" Gbádébọ̀ wá ránṣẹ́ sí Ìyá Ẹfúnyẹmí pé òun ṣe tán láti rúbọ. Ìyá ní ẹbọ wà, ẹni tí yóò fúnni ni kò sí. Gbádébọ̀ kú. Odindi ni wọ́n sin ín, kò dín rárá, àbámọ̀ kún inú rẹ̀.

Kò pé oṣù méjì, Àyọ̀ká náà kú. Ẹbí ní kí àwọn tí ó ra ọmọ rẹ̀ wá sin ín. Ó sùn ọjọ́ kan nílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Akíntáyọ̀ gbé ṣọ́bìrì dé, ó gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Ẹfúnyẹmí wẹ òkú. Ọmọ òkú ni í kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sínú sàréè, Ìyá Ẹfúnyẹmí sì ké bí àṣà ti wí: "Ọmọ òkú dà?"

Akíntáyọ̀ fi ọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀, níbi tí wọ́n rán kíndìnrín náà sí. Ó bu erùpẹ̀, ó dà á sí i.

Ẹni tí ó rúbọ kò ṣàìrí ẹni sin ín. Ẹni tí ó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín fi àbámọ̀ parí rẹ̀. Ó ku ẹyọ kan tí èmi òpè kò mọ̀: ní ọjọ́ náà, ta ni ó sin Àyọ̀ká?