Igbe Tí Aṣọ́lé Gbé Mì

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìwọ̀nyí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àlọ́ lásán ni: aṣọ́lé fúnra rẹ̀, ẹni tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní gólì, adènà tó máa ń dúró níwájú rẹ̀, ìyá aṣọ́lé, tó jókòó sábẹ́ agboòrùn dúdú, àlejò kan tó wọ ẹ̀wù òjò, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan rán wá wo aṣọ́lé náà, ogunlọ́gọ̀ àwọn ará ìlú tí òjò ń pa, àti Oyèéwùmí tiwa, ọmọ ilé yìí, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Jámánì. Ẹ̀yìn àwọ̀n gan-an ni Oyèéwùmí dúró sí. Nígbà tó padà wálé, ó sọ ohun tó rí. Bó ṣe sọ ọ́ náà la ṣe ń sọ ọ́, a kò fi iyọ̀ sí i.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà, ní ìlú kékeré kan létí odò ní Jámánì, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí bọ́ọ̀lù má wọlé lọ. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó sì mọ̀ ọ́n fò. Bí bọ́ọ̀lù bá gba ọ̀tún bọ̀, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, á ti nà gbalaja sínú afẹ́fẹ́, á fi orí ìka kàn án, bọ́ọ̀lù á sì yà kúrò lọ́nà. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Ológbò, wọ́n sì kọ orin fún un. Ìyá rẹ̀, tó ń ta òdòdó, a máa sọ pé láti kékeré ni kì í ti í gba ẹnu ọ̀nà jáde nílé, ojú fèrèsé ni.

Níwájú rẹ̀ ni adènà máa ń dúró. Adènà ni ẹni tó ń dínà mọ́ àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Orí rẹ̀ ti ń pá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá bíi tàná mọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí pápá kún inú rẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Bí Ológbò bá fò tán, tó dìde, tí ẹrẹ̀ bò ó látòkèdélẹ̀, adènà á ní, "Ológbò, ta ló ń bá ọ fọ aṣọ yìí?"

Ológbò á ní, "Ìyá rẹ ni."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, eré á sì máa lọ.

Nínú iṣẹ́ yẹn, ìlànà kan wà. Gbogbo àwọn tó wà lórí pápá ló kẹ́yìn sí nǹkan kan. Aṣọ́lé nìkan ni ohun gbogbo wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹnu rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ ló ṣìkejì. Bí ọ̀tá bá yọ́ wá sẹ́yìn adènà, adènà kò lè rí i, nítorí bọ́ọ̀lù ló ń wò. Aṣọ́lé ni yóò ké pé, "Ẹ̀yìn rẹ!" Ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Wọn a máa fi kọ́ ọmọdé kí wọ́n tó kọ́ ọ bí a ṣe ń mú bọ́ọ̀lù. Bí adènà bá ti gbọ́ ọ, kì í béèrè, kì í sì í bojú wẹ̀yìn. Yóò sún sẹ́yìn, yóò fi orí gbá bọ́ọ̀lù dànù, ó parí. Ojú olójú ní í bá ni wo ìpàkọ́.

Ṣùgbọ́n bí aṣọ́lé bá ké, tí adènà sì gbá bọ́ọ̀lù dànù, ta ni yóò pàtẹ́wọ́ fún aṣọ́lé? Kò sí. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ní olùwòran. Ológbò mọ èyí dáadáa.

Ó wá ku eré kan kí ìdíje ọdún náà parí. Bí ẹgbẹ́ ìlú kékeré yẹn bá ta ọ̀mì, wọn yóò wà ní ìpele àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n wà. Bí wọ́n bá pàdánù, wọn yóò já sí ìpele kejì, púpọ̀ nínú wọn yóò sì pàdánù iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá Ológbò ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ láti ẹgbẹ́ ńlá. Ó fi ọwọ́ tún kọ́là ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ṣe, ó ní, "Jẹ́ kó rí ọ o. Òdòdó tó wà nínú àpótí kì í tà."

Òjò bẹ̀rẹ̀, eré náà sì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, adènà gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀ tuntun. Gbogbo ọ̀nà ló dí. Bọ́ọ̀lù kò dé ọ̀dọ̀ Ológbò rárá, àfi èyí tí wọ́n bá rọra yí sí i kó fi ọwọ́ kó o. Adènà bojú wẹ̀yìn, ó wo aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ológbò, aṣọ rẹ mọ́ lónìí o! Ìyá mi á ráyè sinmi."

Ológbò kò rẹ́rìn-ín. Àlejò tó wọ ẹ̀wù òjò ló ń wò. Àlejò sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbá bọ́ọ̀lù wọlé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan sókè láti apá òsì. Adènà gbé ojú sókè, ó ń tẹ̀lé e. Ọkùnrin kúkurú kan láti ìhà kejì yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé wá. Adènà kò rí i. Ológbò rí i. Oyèéwùmí tó wà lẹ́yìn àwọ̀n rí i pé Ológbò rí i, nítorí ó rí èjìká rẹ̀ méjèèjì tó gbéra sókè, bí èjìká ẹni tó gbé èémí sínú láti ké.

Igbe náà kò jáde. Ológbò gbé e mì. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Kò sí aṣọ́lé tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà dé ọ̀dọ̀ òun ni, kí òun fò lẹ́ẹ̀kan péré, kí àlejò rí òun.

Ọkùnrin kúkurú fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ológbò fò. Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ pé àwọn kò rí irú fífò bẹ́ẹ̀ rí. Ìka rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kọ lu inú òpó, ó sì yí wọlé jẹ́jẹ́, bí àgùntàn tó ń lọ sùn.

Lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, fún Ológbò. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí bó ṣe gbìyànjú ni? Kí ló tún fẹ́ ṣe?" Adènà ni wọ́n yọ ṣùtì sí. Wọ́n ní ó ti dàgbà, wọ́n ní ó sùn lọ. Adènà fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó wo Ológbò títí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe.

Ẹgbẹ́ náà já. Àlejò mú Ológbò lọ sí ẹgbẹ́ ńlá. Wọ́n ní kí adènà máa lọ sílé, ó sì padà sí ilé búrẹ́dì bàbá rẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun. Òkè ilé búrẹ́dì yẹn ni Oyèéwùmí háyà yàrá sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ra ohun tó ń jẹ láàárọ̀. Ó ní kò sí àárọ̀ kan tí oníbàárà kan kò ní wọlé, kó ní, "Oníbúrẹ́dì, wo ẹ̀yìn rẹ o!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Oníbúrẹ́dì náà á rẹ́rìn-ín, á sì wé búrẹ́dì fún wọn.

Ní ẹgbẹ́ ńlá, Ológbò fò, ó fò, ó tún fò. Àwọn èèyàn ń kọrin. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí òun náà ti ṣọ́lé rí, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́. Ó pe Ológbò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, o mọ̀ ọ́n fò."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"N kò yìn ọ́. Ilé tí iná ń jó lójoojúmọ́, ṣé apaná ibẹ̀ la ó máa yìn ni? Ṣé ìwọ kì í rí iná kó tó ràn? Kí ni ẹnu wà fún lára rẹ?"

Ó fi ẹlòmíràn sí ẹnu ilé, ó ní kí Ológbò wá jókòó ti òun lórí bẹ́ǹṣì, kó sì máa ké ohun tó bá rí láti ibẹ̀. Ológbò rò pé ó ń ṣeré ni. Kì í ṣe eré. Ọdún kan gbáko ni aṣọ́lé tí wọ́n kọrin fún fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó ń ké "Ẹ̀yìn rẹ!" sí àwọn èèyàn tí kò lè gbọ́ ọ nítorí ariwo. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní orí Ológbò ti dàrú.

Ibẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ ti là.

Nígbà tó padà sẹ́nu ilé, kò dákẹ́ mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń ké, ohùn rẹ̀ a sì há kó tó délé. Àwọn tó dúró níwájú rẹ̀ ń sún síhìn-ín, wọ́n ń sún sọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù kò sì fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Aṣọ rẹ̀ ń mọ́. Orin dáwọ́ dúró. Orúkọ Ológbò náà pa rẹ́, Aláriwo ni wọ́n wá ń pè é. Ẹgbẹ́ ńlá náà gba ife lé ife, àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni wọ́n sì gbé sí èjìká. Ó dúró létí, ó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣọ́lé títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un, tó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tó fẹ̀yìn tì, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó lọ sí ìlú kékeré yẹn. Ó wọ ilé búrẹ́dì. Oyèéwùmí, tó ti kọ́ṣẹ́ parí tó sì ń ṣiṣẹ́ nílùú náà, wà níbẹ̀, ó ń dúró de búrẹ́dì tirẹ̀.

Oníbúrẹ́dì gbé ojú sókè. "Ológbò. Aṣọ rẹ mọ́ lónìí."

Aṣọ́lé kò jókòó. Ó ní, "Mo rí i."

"Ta ni o rí?"

"Ọkùnrin kúkurú ọjọ́ yẹn. Mo rí i kí bọ́ọ̀lù tó dé."

Oníbúrẹ́dì ń gé ìyẹ̀fun tó ti pò, kò dáwọ́ dúró. "Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ìwọ lo kẹ́yìn sí mi."

"Mo gbọ́ ọ nígbà tí o gbé èémí sínú. Ṣé ọjọ́ kan ni mo fi dúró níwájú rẹ ni? Mo mọ èémí rẹ. Mo ti gbé ẹsẹ̀ láti sún sẹ́yìn, mo ní igbe ń bọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo wá ní, ó dára, a jẹ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mo bá dúró." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kì í ṣe ojú mi ló tàn mí, Ológbò. Dídákẹ́ rẹ ni mo gbọ́kàn lé."

Bí ọkùnrin tó ti gba ife lé ife ṣe dúró síbẹ̀ ni obìnrin kan wọlé wá ra búrẹ́dì, ó sì ké bó ṣe máa ń ké, "Oníbúrẹ́dì, wo ẹ̀yìn rẹ o!"

Aṣọ́lé yíjú sí i. Ó ní, "Màmá, èmi ló yẹ kí n pè é. Mo rí ẹni náà, mo sì dákẹ́."

Obìnrin náà wo ẹnì kìíní, ó wo ẹnì kejì. Ó gba búrẹ́dì rẹ̀, ó jáde. Oyèéwùmí ní láti ọjọ́ náà, òun kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tó ti lọ kò padà, irun tó ti re lórí oníbúrẹ́dì kò sì hù.

Oyèdìran, ìwọ ni wọ́n rán lọ kọ́ nípa ilé kíkọ́ nínú gbogbo wa. Ìwọ lo dúró sẹ́yìn tí o ń rí gbogbo pápá. Ní Sátidé, ní pálọ̀ yìí, àbúrò rẹ dìde, ó ní òun fẹ́ gbé òkè kan lé ilé alámọ̀ tí bàbá yín fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Gbogbo èèyàn ń kí i kú oríire. Kó tó jókòó, ojú rẹ ló wò. O gbé ife omi, o mu ún, o ní, "Ọlọ́run á bá ọ ṣe é."

Èmi ìyá rẹ àgbà kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n etí mi kò tíì di. Mo gbọ́ èémí tí o gbé sínú kí o tó gbé ife.

Ó ń dùn ọ́ pé àbúrò rẹ kò kọ́kọ́ bi ọ́. O ń dúró de ọjọ́ tí ògiri yóò sán, tí yóò sáré wá kúnlẹ̀, kí ilé lè sọ pé bí kò bá sí ti Oyèdìran ni. O mọ̀ ọ́n fò, ọmọ mi, a ti rí i, a sì ti kì ọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú ilé yẹn, gbogbo wọn ló sì gbọ́ dídákẹ́ rẹ, wọ́n ní kò sí nǹkan lẹ́yìn àwọn. Ọ̀la ni àwọn kọ́lékọ́lé ń bọ̀.

Oyèdìran, fóònù rẹ nìyẹn lórí tábìlì. Pè é kí o tó fọwọ́ kan oúnjẹ.