Ìka Olùtọ́jú Ìṣúra

“Rátúka, ogún owó fàdákà ló wà nínú àwo yìí, àmọ́ òjé ni inú mẹ́ta. Yọ wọ́n fún mi láì wọ̀n wọ́n, láì gé wọn. Bí o bá ṣì í, a ó gé ọwọ́ rẹ.” “Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mẹ́ta ni?” “Ẹnìkan ló sọ fún mi. Ṣé ìwọ lo wá ń bi mí ní ìbéèrè ni?” Bágápátà, olùtọ́jú ìṣúra ọba Páṣíà, ló ń halẹ̀ mọ́ Rátúka, arúgbó tó ń yẹ owó wò, lójú àwọn ọmọ ogun tó wá gbowó oṣù. Rátúka yẹ owó náà wò títí. Àwòrán ọba tó kúnlẹ̀, tó mú ọrun dání, ló wà lára gbogbo wọn, ọ̀kan ò sì yàtọ̀ sí èkejì. Ló bá ní, “Ọ̀gá, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ẹ ṣa mẹ́wàá tó máa di tiyín ná, èmi á wá òjé nínú ìyókù.” Inú Bágápátà dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ó fi èékánná wá àmì kékeré kan lẹ́yìn ọ̀kan, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún ti méjì mìíràn bẹ́ẹ̀. Rátúka kó mẹ́ta náà fún olórí ọmọ ogun: “Ẹ gé wọn wò.” Òjé ni! Olórí ọmọ ogun di ẹ̀wù Bágápátà mú: “Ìwọ lo fi òjé sínú owó wa!” Rátúka ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó bojú wẹ̀yìn. “Ọ̀gá, èmi ò dá òjé mọ̀ lónìí o. Ìka yín ló fi í hàn mí.”