Ìdí Tí Omi Rédíétọ̀ Fi Ní Àwọ̀ Ewé

Láyé ọjọ́un, ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí irin ṣì ń fọhùn, omi inú rédíétọ̀ mọ́ gaara bí omi àmù. Ẹ má bi mí pé ọdún wo ni. Ká ní mo mọ ọdún rẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ.

Mọ́tò àgbà kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Sùúrù. Ìyá Agbẹ̀bí ló ni ín. Bí ìrọbí bá ti mú aláboyún kan lábúlé, Sùúrù ni Ìyá Agbẹ̀bí fi ń gbé e lọ sí ọsibítù tó wà lẹ́yìn òkè. Àwọn ọmọ tó ti bá Sùúrù gun òkè yẹn láti inú ikùn ìyá wọn pọ̀ ju ewúrẹ́ abúlé lọ.

Rédíétọ̀ ló wà níwájú mọ́tò náà, tó ń gba atẹ́gùn sára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú omi tutù, kí omi sì lọ mú Ẹ́ńjìnì tutù. Nítorí Ẹ́ńjìnì, ẹ mọ̀ ọ́n, onígbòónára ni. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ báyìí, ó ti gbaná jẹ nìyẹn.

Láràárọ̀, Ẹ́ńjìnì á kí ọ̀rẹ́ rẹ̀: "Rédíétọ̀, ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́," ni Rédíétọ̀ máa ń dáhùn.

Bí a ṣe ń dáhùn náà nìyẹn. Orí lè máa fọ́ ọ, eyín lè máa dùn ọ́, wọ́n á ní ṣé àlàáfíà ni, ìwọ náà á ní a dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Rédíétọ̀ rí i pé ara òun ń jò nísàlẹ̀. Ihò kékeré kan ni, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ.

"Bàbá," ni Omi wí, "mò ń jáde o. Ẹ tètè sọ fún Ẹ́ńjìnì."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Àyà Rédíétọ̀ ti já. Ó ti rí rédíétọ̀ kan rí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, tó ti dípẹtà, tí adìyẹ ń yé ẹyin sórí rẹ̀. "Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á yọ mí dànù ni. Ilẹ̀ á fà ọ́ mu, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí Ìyá Agbẹ̀bí bá jí, tó rí ilẹ̀ tútù lábẹ́ mọ́tò, á lọgun: "Àwọn ewúrẹ́ yìí tún ti wá tọ̀ sábẹ́ mọ́tò mi!" Á fa igi yọ, á gbá tọ̀ wọ́n. Ewúrẹ́ tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wá ń jìyà.

"Rédíétọ̀, ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́."

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, lọ́sàn-án gangan, ìrọbí mú Ìbídùn, ìyàwó àgbẹ̀ kan. Ìyá Agbẹ̀bí gbé e sínú Sùúrù, ó di òkè. Wọn ò tí ì dé ìdajì òkè náà tí Ẹ́ńjìnì fi figbe ta.

"Rédíétọ̀! Mò ń jóná o! Ṣé àlàáfíà ni?"

Rédíétọ̀ fẹ́ sọ òótọ́. Ni ó bá rántí adìyẹ. "A… a dúpẹ́."

Fùùùù! Èéfín funfun bo iwájú mọ́tò. Sùúrù dúró gbagidi.

Ìbídùn ké. Ìyá Agbẹ̀bí bẹ́ sílẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí ìdérí rédíétọ̀.

"Ẹ má ṣí i o, Ìyá!" Jìnádù mẹkáníìkì ló ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tòun ti irinṣẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì omi. "Omi gbígbóná á bò yín lójú! Ẹni tí inú ń bí, ṣe là ń jẹ́ kí ara rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù ná."

Ọmọ ò dúró dè wọ́n. Abẹ́ igi ọ̀dán tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni Ìyá Agbẹ̀bí tẹ́ aṣọ sí, ibẹ̀ náà ni Ìbídùn bí ọmọbìnrin rẹ̀ sí, layọ̀ àti àlàáfíà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Ìyá Agbẹ̀bí yíjú sí mọ́tò.

"Ká ní ẹsẹ̀ ni ọmọ yìí mú jáde ńkọ́?" ló wí. "Jìnádù, bí o ò bá rí ohun tó ń ṣe mọ́tò yìí lónìí, màá gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Mi ò lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

Rédíétọ̀ gbọ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tòótọ́ wá bà á.

Jìnádù wo fáànù, ó ń yí. Ó fọwọ́ fa bẹ́líìtì, ó le dáadáa. Ó yíjú sí Ẹ́ńjìnì.

"Èmi kọ́ o," ni Ẹ́ńjìnì wí. "Gbígbóná niṣẹ́ tèmi. Rédíétọ̀ ni kẹ́ ẹ bi."

"Rédíétọ̀, ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, ọ̀gá."

Jìnádù rẹ́rìn-ín. "Mi ò kí ọ o. Mò ń bi ọ́ léèrè ni."



Nígbà tí ara mọ́tò tutù, Jìnádù fi àkísà ṣí ìdérí. Kò bá ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ó da kẹ́ẹ̀gì omi kan sí i, ṣùgbọ́n gbogbo iwájú mọ́tò ló ti rin gbindin. Omi tó ń jò àti omi tó ta síbẹ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú.

Ó bá já ewúro lẹ́bàá oko, ó fún un sínú omi títí omi fi di àwọ̀ ewé, ó sì dà á sínú Rédíétọ̀. Tó… tó… tó… Ẹ̀kán aláwọ̀ ewé ń kán láti igun ìsàlẹ̀.

Ojú ti Rédíétọ̀. "Ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ máa yọ mí dànù."

"Nítorí ihò yìí? Ihò tí òjé bíńtín máa dí?" Jìnádù mi orí. "Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìwọ dákẹ́, tara ọlọ́mọ fẹ́ẹ́ bá ọ dákẹ́!"

Ó dáná, ó yọ́ òjé, ó fi dí ihò náà pa. Ó fẹ́ da omi ewúro nù, ṣùgbọ́n Rédíétọ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ọ̀gá. 'A dúpẹ́' ti mọ́ mi lẹ́nu jù. Bí mo bá tún ń jò, kí ilẹ̀ bá mi sọ ọ́."

Ohùn tí Rédíétọ̀ fọ̀ kẹ́yìn nìyẹn. Sùúrù gbé ìyá àtọmọ gun òkè náà láìsí wàhálà. Abíọ́nà ni wọ́n sọ ọmọ náà, àwọn ewúrẹ́ sì rójú sùn.

Láti ọjọ́ náà ni omi rédíétọ̀ ti ní àwọ̀ ewé, tí kò sì ṣeé mu fún ẹnikẹ́ni. Abíọ́nà ti dàgbà báyìí, òun náà ti ń wa mọ́tò. Láràárọ̀, kó tó kí ará ilé, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á fọwọ́ gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní, "Ṣé àlàáfíà ni?"

Òun fúnra rẹ̀ á sì dáhùn pé, "A dúpẹ́."