Àwẹ̀ró Tó Fún Ẹ̀fúùfù Ní Ohùn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo ní, ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé oorun ti ń kùn yín ni?

Ààlọ̀, Ìyá Àgbà!

Ó dáa. Àlọ́ tèmi kò rìn jìnnà. Ó gbéra lórí òrùlé yìí, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sórí obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Àwẹ̀ró, òun àti Ẹ̀fúùfù, òun àti ẹyẹ ẹ̀gà.

"Ìyá Àgbà, ta ló ń mi ilẹ̀kùn?"

Àrẹ̀mú, jókòó. Ẹni tó ń mi ilẹ̀kùn wà nínú àlọ́ náà. Bí mo bá parí, wàá mọ̀ ọ́n.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń fọn iná lójúlé ara wọn, Àwẹ̀ró ń gbé ní abúlé kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, ọmọbìnrin kékeré kan tó ń jẹ́ Àyọ̀ká.

Òjò ọdún náà kò dáa. Iṣu kò ta, àgbàdo òkè gbẹ mọ́ ìdúró. Ni Àwẹ̀ró bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí àkùrọ̀, ilẹ̀ olómi tó wà nísàlẹ̀ abúlé tí ẹ̀ẹ̀rùn kì í lè gbẹ tán. Ó dá ọgbà síbẹ̀, ó gbin àgbàdo. Àgbàdo yẹn ni òun àti ọmọ rẹ̀ máa jẹ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Bí kò bá sí i, ebi ni.

Àgbàdo hù. Àgbàdo ga. Àgbàdo gbọ́mọ pọ̀n. Ni ẹ̀gà bá dé.

Ṣé ẹ mọ ẹ̀gà? Ẹyẹ tí kì í dákẹ́. Wọ́n ń pariwo bí wọ́n ṣe ń bọ̀, wọ́n ń pariwo bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n bá yó tán, wọ́n tún ń pariwo pé àwọn yó. Bíi ti Ṣijúadé tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí.

"Èmi kọ́, Ìyá Àgbà."

Mo ti gbọ́. Àwẹ̀ró mú agolo, ó ń lù ú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bó bá jókòó, ẹ̀gà á bà. Bó bá dìde, ẹ̀gà á fò. Bó bá lọ se oúnjẹ ọmọ, ẹ̀gà ti balẹ̀ sórí àgbàdo. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Lójú oorun, ó ń fi ọwọ́ lu ẹní, ó ń lé ẹyẹ inú àlá.

Àwọn aládùúgbò rí i pé ó ń rù, wọ́n bi í pé kí ló ṣe é. Ó ní kò sí nǹkan kan. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ òun kú, òun wá di ẹrù sí abúlé lọ́rùn. Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn o.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ti ro ó, ọ̀fun ti gbẹ, ló bá jókòó sórí ebè, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é. "Wóro-ń-wóro" lẹ ó máa wí.

Ẹ̀fúùfù, wá gbà mí o,
*Wóro-ń-wóro.*
Ẹ̀gà ń jẹ mí lágbàdo,
*Wóro-ń-wóro.*
Ọwọ́ mi ro, ẹsẹ̀ mi wú,
*Wóro-ń-wóro.*
Kí ni Àyọ̀ká ó jẹ?
*Wóro-ń-wóro.*

Ẹ̀fúùfù ń kọjá lọ. Ó gbọ́ orin, ó dúró. Ó ní, "Obìnrin, bí mo bá bá ọ ṣọ́ ọgbà, kí lo máa fún mi?"

"Kí ni ìwọ kò ní?"

Ẹ̀fúùfù mí kanlẹ̀. "Mi ò ní ohùn. Bí mo bá wọ inú ewé, ohùn ewé ni wọ́n ń gbọ́. Bí mo bá dé etí odò, ohùn omi ni. Mo ti rin gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn tèmi rí. Fún mi ní ohùn, mi ò ní kúrò lọ́gbà rẹ."

Àwẹ̀ró sáré lọ sílé, ó tú ilé ìdáná. Ó mú ìdérí ìkòkò tí ìkòkò rẹ̀ ti fọ́. Ó mú ṣíbí tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́ tí àgádágodo rẹ̀ ti sọnù. Ó ṣa ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti jẹ ẹran inú rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ṣebí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ni. Ta ló jẹ ìgbín?"

Ìgbín kò sí nínú àlọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ó dá wọn lu, ó ki okùn bọ̀ wọ́n, ó so gbogbo wọn rọ̀ sórí igi kan láàárín ọgbà, ó so wọ́n súnmọ́ra kí wọ́n lè máa kan ara wọn. Ẹ̀fúùfù fẹ́. Wóro-ń-wóro. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń yí igi náà ká bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun. Ẹ̀gà gbọ́ ọ, wọ́n fò lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n padà. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n ní ariwo ilé ìdáná nìyẹn, ṣíbí kì í pa ẹyẹ. Ni wọ́n bá bà sórí àgbàdo.

Ara Àwẹ̀ró kò balẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ló bá rántí ọkọ́ ìdágìrì.

Ẹ ó bi mí pé kí ni ọkọ́ ìdágìrì. Ní abúlé náà, bí irin ọkọ́ bá jẹ tán tí kò wúlò fún oko mọ́, wọn kì í sọ ọ́ nù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń fi kọ́. Bí ejò bá wọlé, bí ọmọ bá kó sódò, onílé á fi òkúta lù ú, kẹ́ń, kẹ́ń, kẹ́ń. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, bó ń jẹun, á gbé òkèlè sílẹ̀. Bó ń wẹ̀, á jáde tòun ti ọṣẹ lára. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kì í fi í ṣeré.

Àwẹ̀ró mọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọkọ́ náà, ó wo ọ̀nà ọgbà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé títí àgbàdo á fi gbó péré ni. Ó sì já a.

"Kò yẹ kó já a, Ìyá Àgbà."

O gbọ́n jù ú lọ, Àrẹ̀mú, nítorí pé o ti jẹun alẹ́.

Ó so ọkọ́ mọ́ àwọn tó kù. Ẹ̀fúùfù fẹ́. Kẹ́ń! Gbogbo ẹ̀gà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò bojú wẹ̀yìn. Gbogbo abúlé náà sì dìde. Ọkùnrin mú àdá, obìnrin ru omi, Baálẹ̀ sáré dé tòun ti sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, Ewúrẹ́ jáde tòun tewé lẹ́nu. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n bá tó ń jó yí igi ká.

Baálẹ̀ bínú púpọ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, ó ní òun á tú u tílẹ̀ bá mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ó rí ẹ̀gà tó tò sórí igi lókèèrè, wọ́n ń wò ó. Kò tú u. Ó ní ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la.

Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ ń sáré jáde. Nígbà tó yá, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tó tún yá, wọn kò yọjú mọ́. Etí ọmọ aráyé, ohun tó bá ń gbọ́ lójoojúmọ́, kì í gbọ́ ọ mọ́.

Ẹ̀fúùfù ní tirẹ̀ kò lọ mọ́. Tọ̀sán-tòru ló ń kọrin. Koríko òrùlé gbẹ, ewé gbẹ, ètè ọmọdé bó. Ajá ń yí ojú kan, kò rí ibi sùn sí. Àwọn tọkọtaya ń jà lórí ohun tí kò tó ìjà.

Adìyẹ ni aládùúgbò tó máa ń bá Àwẹ̀ró wo Àyọ̀ká bó bá lọ sọ́gbà. Ìpẹ̀kun abúlé lápá òkè ni ilé rẹ̀ wà. Ejò wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó fi àgógó lu ọkọ́ ìdágìrì tirẹ̀, ó lù ú, ó lù ú. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ sọ pé ọgbà Àwẹ̀ró ni. Ejò gbé ẹyin rẹ̀ mì tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Adìyẹ lọ bá Àwẹ̀ró. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹyin mi ni ejò gbé. Ẹyin ni mo ní. Ìwọ, ọmọ lo ní."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àwẹ̀ró lára. Ó dé ìdí igi, ó nawọ́ sí okùn. Ó wo àgbàdo, ó ku díẹ̀ kó gbó. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ ẹ̀yìn òkè tiná bọ igbó láti fi lé òkété jáde. Iná kékeré ni. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fúùfù ń ti orí òkè sáré bọ̀ wá kọrin, kò wo iwájú, kò wo ẹ̀yìn, ó sì ń wọ́ iná náà tẹ̀lé ara rẹ̀.

Òòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, gbogbo abúlé ti wọlé lọ sùn. Àwẹ̀ró nìkan ló wà nísàlẹ̀ nínú ọgbà. Ó gbójú sókè, ó rí èéfín lórí òkè, lẹ́yìn ilé Adìyẹ. Inú ilé yẹn ni Àyọ̀ká sùn sí.

Ó kígbe. Ẹ̀fúùfù gba igbe náà lẹ́nu rẹ̀, ó fi kún orin. Àwẹ̀ró fẹ́ sáré gòkè, ó rí i pé iná á ṣáájú òun débẹ̀. Ló bá mú òkúta, ó ń lu ọkọ́ ìdágìrì bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kẹ́ń, kẹ́ń, kẹ́ń!

Lókè, Baálẹ̀ yíra padà lórí ẹní. Ó ní, "Àwẹ̀ró àti ẹ̀gà rẹ̀." Ó sì padà sùn.

Àwẹ̀ró ju òkúta nù. Ó fi apá méjèèjì gbá gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ìdérí, ṣíbí, kọ́kọ́rọ́, ìkarahun àti ọkọ́, ó fẹ́ já wọn kó gbé wọn sáré lọ sókè. Bó ti dì wọ́n mú, wọ́n dákẹ́. Ajá kan gbó lókè. Ilẹ̀kùn kan ṣí, orí kan yọ síta. Ẹrù náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wóro-ń-wóro. Orí náà wọlé padà, ilẹ̀kùn sì padé.

Ó yé Àwẹ̀ró nígbà náà, ó sì dùn ún dé egungun. Ariwo òun kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló lè pè wọ́n. Ó fa àdá yọ, ó gé okùn. Gbogbo rẹ̀ já lulẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ náà. Ẹ gbọ́.

Bó ṣe rí nìyẹn.

Baálẹ̀ la ojú. Ó dìde jókòó. Ó ní, "Kí ló ṣe Àwẹ̀ró?"

Lójúlé kejì, ẹnì kan ní, "Kí ló ṣe Àwẹ̀ró?" Lójúlé kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Wọ́n tú jáde, wọ́n kọjú sí ìsàlẹ̀, wọ́n ń sáré. Kì í ṣe torí iná, wọn ò mọ̀ pé iná wà. Torí Àwẹ̀ró ni. Ó ń nawọ́ sókè, ó ń nawọ́ sókè, ni wọ́n bá wẹ̀yìn, wọ́n rí èéfín.

Adìyẹ fi àgógó ṣá Àyọ̀ká lẹ́sẹ̀ títí ó fi jí, ó sì lé e síta. Iná ti gun òrùlé. Àwọn ará abúlé já ewé tútù, wọ́n fi ń na iná náà. Wọ́n ń bu omi, wọ́n ń ju ẹrẹ̀.

Ẹ̀fúùfù dé ìdí igi, kò bá nǹkan kan. Ó ní, "Ohùn mi dà?"

Àwẹ̀ró jókòó lé irin ọkọ́ mọ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Ó bọ́. Wá a."

Ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo abẹ́ ewé àgbàdo, ó wo àárín ebè, ó wo inú koto. Bó ṣe ń wá a, kò fẹ́. Iná tí kò rí ẹni tì í mọ́ rọlẹ̀, wọ́n sì nà án kú. Ilé Adìyẹ nìkan ló jó dé ìdajì.

Wọ́n mú Àyọ̀ká wá fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ìyá mi, kí ló dé tí wóro-ń-wóro náà fi dákẹ́?" Àwẹ̀ró fà á mọ́ra. Ẹkún ló ń sun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró tó jẹ́wọ́ pé àgbàdo yẹn nìkan ni àwọn ní, pé bí ẹ̀gà bá jẹ ẹ́ tán, ebi á pa àwọn. Baálẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "O ní ará, o wá lọ bẹ Ẹ̀fúùfù."

Láti ọjọ́ kejì, wọ́n ń pín ọgbà náà ṣọ́, ojúlé kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ajá ṣọ́ ọ, Adìyẹ ṣọ́ ọ. Ewúrẹ́ ní òun náà fẹ́ ṣọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi. Àgbàdo gbó. Àkọ́já rẹ̀, ilé Adìyẹ ni Àwẹ̀ró gbé e lọ, nígbà tí wọ́n ń bá a ṣe òrùlé rẹ̀.

Ṣíbí padà sínú ọbẹ̀. Ìdérí bá ìkòkò mìíràn. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ́ ìdágìrì kọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀fúùfù nìkan ni ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ dòní. Ó ń wá ohùn rẹ̀ kiri. Ó ń mi ilẹ̀kùn, ó ń ṣí ìdérí ìkòkò, ó ń gbọn agolo wò bóyá ohùn òun wà níbẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ṣé òun ló ń mi ilẹ̀kùn wa?"

Òun ni. Ẹ jẹ́ kó máa mì í. Ohun tó ń wá kò sí lọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé. Ohun tí a fi ń pe ará, a kì í fi í lé ẹyẹ. Ẹni tó bá sì ní ará, kó fi ẹnu ara rẹ̀ pè wọ́n.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn gba ohùn mi lọ. Bí mi ò bá purọ́, ẹ dá mi lóhùn kí n gbọ́.

Ààlọ̀, Ìyá Àgbà! A ṣì ń gbọ́ yín.